Iṣẹ́ Tí Ìyàwó Wa Fi Ránṣẹ́ Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Olùkọ́

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá Ìbejì ni, ìyàwó àbúrò mi, tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìsẹ́yìn. Kì í pè mí lóru àfi bí ara ọmọ kò bá yá. Mo kí i títí, n kò gbọ́ èsì. Ẹkún ni mo ń gbọ́.

"Ọkọ mi," bí ó ti máa ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti gbé e wọlé, "òdo ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ rárá. Mo sì ti fi í ránṣẹ́ láti ọjọ́ méjì kí àkókò tó pé! Mo fi ojú mi rí i níbẹ̀."

Mo ní kí ó rọra. Mo bi í léèrè àwọn ọmọ, ó ní wọ́n ti sùn. Mo bi í léèrè ọkọ rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá dáhùn pé: "Wọ́n ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ tó lè mọ ìdí tí òdo kan ṣoṣo fi lè mú abiyamọ sunkún lóru, ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọdún 11 ni ìyàwó wa ti fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí ó gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Kí ó lè gòkè sí i lẹ́nu iṣẹ́, ó fẹ́ gba dìgírì. Kò lè fi iṣẹ́ àti ìbejì ọmọ ọdún mẹ́fà sílẹ̀ kí ó lọ máa gbé inú ọgbà yunifásítì, nítorí náà ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, lórí ayélujára. Owó àjọ tí ó dá fún ọdún méjì ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún ìkẹyìn rẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n fún un ní òdo yìí ni ó ní máàkì 30 nínú 100. Bí kò bá yege nínú kọ́ọ̀sì náà, ọdún kan gbáko ni yóò tún fi dúró, yóò sì san owó mìíràn. Àbúrò mi kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń sọ pé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn kò fojú rí olùkọ́ rẹ̀, òun kò mọ irú ẹ̀kọ́ tí í ṣe.

Èmi náà kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Olùkọ́ ilé-ìwé girama ni mí ní Ìbàdàn. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa, wọ́n sọ fún wa pé orí ayélujára ni kí a ti máa kọ́ àwọn ọmọ. Láàárín oṣù mélòó kan, mo ti fojú rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà tí ìkànnì ẹ̀kọ́ lè gbà dá ènìyàn lágara. Láti ìgbà náà ni ẹbí wa ti sọ mí di ẹni tí wọ́n ń gbé irú wàhálà bẹ́ẹ̀ wá bá, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé aago tí kò ṣiṣẹ́ lọ bá alágbàṣe. Mo sọ fún ìyàwó wa pé kí ó má tẹ ohunkóhun mọ́ lóru náà, kí ó sùn, kí ó wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé.

Ó gba ọ̀nà Mọ́níyà wá tòun ti àwọn ìbejì. Mo fún àwọn ọmọ ní ẹ̀wà àti dòdò, àwa méjèèjì sì jókòó ti fóònù. Mo ní kí ó ṣí ojú ewé iṣẹ́ náà gan-an fún mi, kì í ṣe ojú ewé tí máàkì wà. Ó ṣí i. Nísàlẹ̀ ewé náà ni àtẹ kékeré kan wà, tí ìlà rẹ̀ àkọ́kọ́ ń sọ ipò tí iṣẹ́ wà. "Draft" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì fi kún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé a kò tíì fi í sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ fáìlì rẹ̀ wà, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí ó gbé e síbẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ: ọjọ́ méjì kí àkókò tó pé ni.

"Ọkọ mi, ẹ ò rí fáìlì mi ni? Ṣebí òun nìyí."

Fáìlì rẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó di ẹrù tán, tí ó kọ orúkọ sí i lára, tí ó gbé e dé gáréèjì, tí kò wá fi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ẹrù wà ní gáréèjì, ẹni tí ó ń retí rẹ̀ ní Èkó kò rí nǹkan kan. Bọ́tìnì kan ṣì wà tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lẹ́yìn tí fáìlì ti gòkè, èyí tí wọ́n kọ "Submit assignment" sí. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ìkànnì náà yóò tún bi í pé ṣé ó dá a lójú, nítorí pé kò ní lè yí ohunkóhun padà mọ́; yóò tún tẹ ọ̀kan sí i. Lẹ́yìn èyí nìkan ni ọ̀rọ̀ inú àtẹ náà yóò yí padà sí "Submitted for grading". Ìyàwó wa kò dé ibẹ̀. Ó rí orúkọ fáìlì, ó ní ó parí, ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òmùgọ̀ ni. Ní ọdún mẹ́ta tí ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sí kọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti béèrè bọ́tìnì yìí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìkànnì tí wọ́n ń lò ni Moodle, èyí tí ará Australia kan, Martin Dougiamas, dá sílẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2002. Ohun tí ó wù mí nínú ìtàn ọkùnrin náà ni pé ìgbèríko Australia tó jìnnà réré sí ìlú ni ó ti dàgbà. Orí rédíò ni ó ti ń gbọ́ ohùn olùkọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ẹni tí ó mọ bí ó ti rí láti jìnnà sí olùkọ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni Moodle: ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ lè gbé e sórí sáfà tirẹ̀, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì lè tò ó bí ó bá ti fẹ́. Bí olùkọ́ kan bá sọ pé òun kò fẹ́ bọ́tìnì ìkẹyìn yẹn, fáìlì tí a bá ti gbé síbẹ̀ tí a sì fi pamọ́ ti di èyí tí a fi sílẹ̀. Bí òmíràn bá sì ní òun fẹ́ ẹ, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí àyè tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, a gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bi Moodle kọ́. Ẹ̀bi ẹni tí ó yí ètò padà láàárín ọdún ni, tí kò sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìgboyà nítorí pé olùkọ́ ni èmi náà, mo sì mọ bí ó ti rọrùn tó láti ti gbogbo ẹ̀bi sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Bọ́tìnì náà kò sí níbẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ Sátidé yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùkọ́ lè dá fún iṣẹ́ kan. Èkíní ni ọjọ́ tí ó yẹ kí iṣẹ́ dé. Bí ó bá kọjá, a ṣì lè fi í ránṣẹ́, wọn yóò kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pẹ́. Èkejì ni ọjọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn; bí ó bá kọjá, kò sí ọ̀nà mọ́. Àwọn méjèèjì ti kọjá lórí wa. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ní agbára láti fi ọjọ́ kún un fún ẹnì kan ṣoṣo. Ìyẹn ni a gbójú lé.

Ìyàwó wa ti kọ lẹ́tà kan tẹ́lẹ̀. Ó kà á fún mi. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni: ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, abiyamọ ni mí, Ọlọ́run yóò bùkún yín. Kò kọ nọ́ńbà mátíríkì, kò dárúkọ kọ́ọ̀sì. Mo bi í léèrè pé bí aláìsàn bá kọ lẹ́tà sí òun ní ọsibítù pé "ẹ gbà mí," tí kò sọ ibi tí ń dùn ún, kí ni òun yóò ṣe? Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. A tún un kọ. Orúkọ, nọ́ńbà mátíríkì, àmì kọ́ọ̀sì, orúkọ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ àti wákàtí tí fáìlì gòkè. Àwòrán ojú fóònù tí ó fi àtẹ náà hàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "Draft" àti ọjọ́ náà. Gbólóhùn kan tí ó ṣàlàyé pé kò mọ̀ pé bọ́tìnì mìíràn ṣì wà, àti ìbéèrè kan: ṣé wọ́n lè ṣí i fún un? A fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ náà, a sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tí ń gbọ́ ẹ̀dùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Bí a ti ń dúró, mo wo àwọn nǹkan mìíràn tí ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí ìdánwò kékeré kan ń bọ̀ ní ọjọ́ Wẹ́sídeè. Ohun tí mo rí kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ímeèlì tí ó fi forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó ní káfé nítòsí ọjà ni ó bá a forúkọ sílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ímeèlì tí òun fúnra rẹ̀ ṣí ni ó sì kọ síbẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti kó lọ sí Èkó. Mélòó nínú wa ni wọ́n bá ṣe báyìí? Bí ìyàwó wa bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí páásíwọ́ọ̀dù, tí ó sì ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọ káfé ni yóò lọ. Ìkànnì náà kò sì ní sọ fún un. Nítorí ààbò, ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń sọ, yálà orúkọ tí a kọ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà: pé bí àlàyé wa bá jẹ́ òótọ́, a ti fi ímeèlì ránṣẹ́. Ènìyàn lè dúró di ọ̀la. Ẹni tí ímeèlì rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀, nítorí pé 30 ìṣẹ́jú ni Moodle sábà máa ń fún ìlujá náà kí ó tó kú. Kí ó wo inú àpótí tí wọ́n ń da ìjẹkújẹ ímeèlì sí pẹ̀lú. Ní ti ìyàwó wa, ó ṣì rántí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, nítorí náà a wọlé, a sì béèrè pé kí wọ́n yí ímeèlì náà padà sí tirẹ̀ gan-an. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n sì béèrè káàdì ìdánimọ̀. N kò bínú sí wọn fún ìyẹn.

Páásíwọ́ọ̀dù náà ní àléébù tirẹ̀ lórí fóònù. Nígbà mìíràn, fóònù lè sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá fúnra rẹ̀, ó sì lè fi àlàfo kan sí ìparí bí a bá gba ọ̀rọ̀ tí ó dá lábàá. Àlàfo yẹn kò hàn sí ojú, ṣùgbọ́n ìkànnì rí i, yóò sì sọ pé irọ́ ni. Kí a tẹ àmì ojú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè rí ohun tí a kọ.

Ó tún ní nígbà mìíràn ìkànnì náà kì í ṣí rárá, tàbí kí ó ṣí kí ìbéèrè má hàn. Mo wo fóònù rẹ̀. Aṣàwákiri tí ń fún dátà pọ̀ ni ó ń lò, nítorí pé ó dín owó kù. Irú aṣàwákiri bẹ́ẹ̀ dára fún kíka ìròyìn, ṣùgbọ́n ó máa ń gé àwọn ohun tí ó mú kí aago ìdánwò máa kà àti kí bọ́tìnì máa ṣiṣẹ́ kúrò lára ewé. Mo bá a gbé òmíràn tí kò gé nǹkan kúrò sí orí fóònù. Mo sì kọ́ ọ ní ìbéèrè mẹ́ta tí mo máa ń bi ara mi kí n tó sọ pé nǹkan bàjẹ́. Ǹjẹ́ ìkànnì mìíràn ń ṣí lórí fóònù yìí? Bí kò bá ṣí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí dátà ni. Ǹjẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ wà lórí WhatsApp ń wọlé? Bí wọn kò bá lè wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ní wàhálà, kí n lọ jókòó. Ǹjẹ́ mo lè wọlé láti orí fóònù ẹlòmíràn? Bí mo bá lè wọlé, fóònù tèmi ni kí n dojú kọ. Mo ti rí fóònù kan tí gbogbo ìkànnì ń kìlọ̀ lórí rẹ̀ pé kò sí ààbò, kìkì nítorí pé bátìrì rẹ̀ kú pátá, ọjọ́ orí rẹ̀ sì padà sí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. A tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe, ìkìlọ̀ náà pòórá.

Ọ̀rọ̀ aago mú mi rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní London, tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Aago 11:59 alẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ti Nàìjíríà ni. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹta, aago wa fi wákàtí kan ṣáájú ti wọn, nítorí náà 10:59 ni ilẹ̀kùn ń tì fún un. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago àwa àti tiwọn dọ́gba, kò sì sí ohun tí ó rán an létí pé nǹkan ti yí. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó jìyà rẹ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè pé. Ìbéèrè 40 ni, ìṣẹ́jú 45. Ìyàwó wa ti iṣẹ́ òru dé ní òwúrọ̀, kò sí iná NEPA ní gbogbo ọjọ́ náà, kò sì rí fóònù rẹ̀ fi gba iná dáadáa. Mo wà ní ìdí ẹ̀fọ́ tí mò ń já nígbà tí nọ́ńbà àbúrò mi yọ lójú fóònù mi. Ohùn ìyàwó ni mo gbọ́. Fóònù rẹ̀ ti kú ní ìbéèrè 23.

Mo ní: "Má sunkún. Aago náà kò dúró. Fóònù ọkọ rẹ tí o fi ń pè mí yìí, gbé mi kúrò lórí rẹ̀, kí o fi í wọlé."

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìdáhùn kì í sọnù lọ́nà tí ẹ̀rù fi ń bà wá. Nígbàkúùgbà tí a bá lọ sí ojú ewé tí ó kàn ni Moodle ń fi èyí tí a ti dáhùn pamọ́, bí wọn kò bá sì yí ètò rẹ̀ padà, ó tún ń fi pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Sáfà ni ó wà, kì í ṣe inú fóònù. Àkókò nìkan ni kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi ni ó sọ ìyókù fún mi. Ó ní ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù náà. Òun ni ó mú tọ́ọ̀ṣì dání, òun ni ó lé àwọn ìbejì jáde. Wọ́n wọlé, wọ́n rí bọ́tìnì tí ń pè é pé kí ó máa bá ìdánwò rẹ̀ lọ, ìdáhùn 22 àkọ́kọ́ sì pé pérépéré. Ìṣẹ́jú 17 ni ó ṣẹ́ kù. Àbúrò mi ń ka ìṣẹ́jú sókè bí ẹni ń ka bọ́ọ̀lù lórí rédíò títí ìyàwó fi ní kí ó dákẹ́. Nígbà tí ó dáhùn èyí tí ó kẹ́yìn, ó tẹ bọ́tìnì "Finish attempt", ó sì fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Àbúrò mi ni ó dì í lọ́wọ́ mú. "Wọ́n ṣì kọ nǹkan sísàlẹ̀," ó ní. Òótọ́ ni. Bọ́tìnì yẹn kàn ń fi àtòkọ hàn ni, kí a lè rí ìbéèrè tí a fò. Wọ́n rí i pé ó fo ìbéèrè 31. Ó padà dáhùn rẹ̀. Wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ dé "Submit all and finish", wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ojú ewé yí padà, àbúrò mi sì kà á fún mi lórí fóònù, ó ń pe lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Finished."

Ọjọ́ Jímọ́ ọ̀sẹ̀ náà ni olùkọ́ fèsì lẹ́tà wa. Kò kọ ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní òun rí fáìlì náà ní ipò tí a sọ, òun ti fi ọjọ́ mẹ́ta kún un fún un, kí ó yára. Ìyàwó wa kò lo ìṣẹ́jú mẹ́ta. Máàkì 24 ni ó gbà nínú 30. Nínú lẹ́tà kejì tí mo ní kí ó kọ, ó béèrè pé kí wọ́n kọ àlàyé bọ́tìnì náà sójú ewé iṣẹ́ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí pé a gbọ́ lórí WhatsApp wọn pé kì í ṣe òun nìkan ni ó gba òdo. Títí di àkókò tí mò ń kọ èyí, kò tíì sí ẹni tí ó fèsì sí ìyẹn.

Àbúrò mi ti ra páwà báǹkì kan. Ó ní fún iṣẹ́ òun ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó ń jókòó kàwé ni ó ń gbé e sí. Ní ti ìyàwó, gbogbo ìgbà tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ó ń ya ojú fóònù, tí ó sì ń fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi, láìkí mi, láìsọ ohunkóhun, nígbà mìíràn ní aago méjì òru. Mo ti ní 16 irú rẹ̀ báyìí.